OpenBoot

OpenBoot jẹ́ ètò tí ń gbé kọ̀ǹpútà dìde, èyí tí ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ẹ̀rọ SPARC. Bí a bá pín sáfà kan sí ọ̀pọ̀ ìpín tó ń ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìpín kọ̀ọ̀kan ní OpenBoot tirẹ̀.

Ìpín tí kò gbéra sábà máa ń dúró síbi àmì “ok”. Níbẹ̀, àṣẹ show-devs ń fi àwọn ẹ̀rọ tí ìpín náà rí hàn. Boot -s sì ń gbé Solaris dìde fún iṣẹ́ àtúnṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdúró ni àbùkù: bí printenv auto-boot? bá fi false hàn, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣètò rẹ̀. Alábòójútó yóò kàn tẹ boot.