IṢẸ́, ÌSINMI ÀTI MÁSÙNMÁWO LÁYÉ ÀWỌN BABA WA ÀTI LÁYÉ TIWA

Ní ọdọọdún ni a máa ń ka ìtàn ogun, ìtàn oyè àti ìtàn ààlà ilẹ̀ nínú ìwé yìí, àwọn ìtàn náà dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn tí ààlà ilẹ̀ nìkan ń dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé bá jáde kì í ṣe kékeré. Ní ọdún yìí, ìtàn tí kò ní ọba tàbí balógun nínú ni mo fẹ́ sọ: bí àwọn baba àti ìyá wa ti ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń sinmi, ohun tí ó dé tí ó yí ètò náà padà, àti ohun tí ìyípadà náà ń fi ojú àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kàwé rí. Ìdààmú tí kì í jẹ́ kí ènìyàn fi ojú kan oorun ni à ń pè ní másùnmáwo, ó sì ní ìtàn tirẹ̀ láàrin wa.

Kí àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Onígbàgbọ́ tó mú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa. Nítorí pé wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni ọjà tí ó ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọlọ́rọọrún títí di òní. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa ètò ọjọ́ wọ̀nyí sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní òrìṣà tí ó ni ín, ẹni tí ó bá sì di ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà rẹ̀ kì í sábà gbé ọkọ́ lọ sí oko. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa kò sí nídìí òrìṣà mọ́, n kò sì sọ èyí láti pe ẹnikẹ́ni padà síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ìsinmi kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jí ṣe nígbà náà. Ó ní ọjọ́ tirẹ̀, gbogbo ìlú ni ó sì mọ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò pe ẹni tí ó sinmi ní ọ̀lẹ.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá kojú. Ọ̀mọ̀wé N. A. Fádípẹ̀, tí ó gba oyè rẹ̀ ní Yunifásítì ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ṣe àlàyé àáró àti ọ̀wẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, tí a kò tẹ̀ jáde bí kò ṣe ní 1970. Bí ọkùnrin mẹ́fà bá dá àáró, gbogbo wọn yóò ṣiṣẹ́ ní oko ẹni kìíní lónìí, ní oko ẹni kejì ní ọ̀la, títí yóò fi kárí. Gbèsè iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ni a sì fi ń san án. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ ńlá, gẹ́gẹ́ bí ilé mímọ tàbí ilé bíbò. Onílé yóò ránṣẹ́ sí ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Ẹni tí ó bá ti dá nìkan dúró níwájú oko tí ó kún fún koríko yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ àti ẹ̀yìn nìkan ni oko náà ń fi iṣẹ́ fún. Ó ń wọ ọkàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́fà bá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ebè náà ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ kò rí bákan náà lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn oko ni ayò. Lábẹ́ igi odán níwájú ààfin tàbí lẹ́bàá ọjà ni àwọn ọkùnrin máa ń pàdé nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Ihò méjìlá ni ọpọ́n ayò ní, mẹ́fà fún òṣèré kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ni à ń kó sínú ihò, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ. Àwọn tí kò mọ eré yìí rò pé ìdí ìjókòó náà ni kí a mọ ẹni tí yóò borí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn òǹwòran tí ó yí ọpọ́n ká ṣe pàtàkì bí àwọn òṣèré méjèèjì, nítorí ẹnu wọn kì í dákẹ́: wọn a máa kọ́ ọ̀pẹ, wọn a máa yin ọ̀ta, wọn a sì máa fi baálé ilé tí ó ń pàdánù ṣẹ̀fẹ̀ lójú àwọn ọmọ tí kò jẹ́ ya ẹnu sí i níbòmíràn. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí ti àìsàn ọmọ ń jẹ lọ́kàn kò lè ronú nípa rẹ̀ nígbà tí ó ń ka ọmọ ayò. Bí ó bá sì ṣe pé ìrònú náà borí rẹ̀, ayò tí ó ń ta yóò tú u fó, ẹnìkan nínú àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ yóò sì bi í léèrè lọ́nà ilé pé, “Lágbájá, kí ló dé tí o kò rí ihò tí ó wà níwájú rẹ?” Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí kò bá ti jáde nínú yàrá ṣe ń jáde.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ kan níhìn-ín tí a kì í fẹ́ sọ. Àwọn ọkùnrin ni mo ń sọ̀rọ̀ wọn láti òkè wá. Ní àkókò tí wọ́n fi ń ta ayò, àwọn ìyá wa ń gún iyán. Ibi irun dídì, ìdí aró àti ọ̀nà odò ni tiwọn, níbi tí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹnu sì ń sọ ọ̀rọ̀ ọkàn. Mo sì rò pé obìnrin tí ó gbé orí rẹ̀ lé itan ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún wákàtí méjì rí ìtùnú tí ó tó ti odán, ṣùgbọ́n ìsinmi ara kọ́ ni.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí a sọ ayé àtijọ́ di ọ̀run. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká ní ibùdó wọn títí di 1893. Àwọn tí a kó lẹ́rú àti àwọn ìwọ̀fà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ sin èlé owó tí ẹlòmíràn yá kò mọ odán bí ibi ìgbádùn. Másùnmáwo wà nígbà náà, ó sì pa ènìyàn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ìlú ní ètò tí ó gbé kalẹ̀ fún un.

Ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹnikẹ́ni, aago ni ó ń tẹ̀ lé, àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ní láti tẹ̀ lé aago pẹ̀lú. Owó orí dé tẹ̀ lé e, owó ni wọ́n sì ń gbà, wọn kì í gba iṣu. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ ní 1918 nítorí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbin kòkó kò lè fi àáró san owó orí. Ó ní láti wá alágbàṣe, kí ó sì máa fetí sí iye tí wọn yóò ra kòkó lọ́dún náà. Báyìí ni ẹrù tí a ń pín gbé ṣe ń di ti orí ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Ìwé ni ó wá kàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó wọlé lọ́dún náà sì lé ní 800,000. Iṣẹ́ rere ni, àwa olùkọ́ kò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1960, Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àró ní Abẹ́òkúta, kọ ìwé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Orí ń fọ́ wọn tàbí ó ń gbóná. Ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn lórí wọn. Ojú wọn ń ṣú bí wọ́n bá ṣí ìwé. Wọn a ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n má rántí ohunkóhun nínú rẹ̀. Orúkọ tí ó kọ fún un ni brain fag, èyíinì ni àárẹ̀ ọpọlọ. Nínú àlàyé rẹ̀, ó tọ́ka sí i pé ọmọ tí a tọ́ láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn ni a wá sọ pé kó dá jókòó ti ìwé ní ìdákẹ́jẹ́, àti pé ìrètí gbogbo ẹbí tí ó san owó ilé-ìwé wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sì sọ pé ọpọlọ ènìyàn dúdú kò lè gba ìwé. Irọ́ ni. Àwọn oníwádìí ìgbà tiwa ti fi hàn pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni ọ̀rọ̀ brain fag ti wà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n ń fi í pe àárẹ̀ àwọn akọ̀wé, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Orúkọ náà wọ inú ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1994 bí àìsàn tí ó jẹ́ ti apá ibi tiwa. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, wọn kò tò ó mọ́ ọn mọ́. Àwọn dókítà wa tí wọ́n tún ọ̀ràn náà yẹ̀ wò rí i pé àìsùn àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn wà nínú ohun tí ó ń fà á. Èyí kò ya olùkọ́ kankan lẹ́nu. Ta ni nínú wa tí kò mọ ọmọ tí ó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù lóru kí oorun má bàa gbé e, tí obì sì wà lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì sùn lórí ìwé ìdánwò ní ọjọ́ kejì?

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ni ó kọ́kọ́ lo ọgbọ́n àwọn baba wa fún irú ìṣòro yìí. A bí Thomas Adéoyè Lambo ní 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys’ High School níbẹ̀, ó sì kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró ní 1954, ilé ìwòsàn náà kò tíì parí. Ṣáájú ìgbà náà, ibi ìtìmọ́lé ni ibi tí a ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí, bí irú èyí tí ó ti wà ní Yàbá láti 1907. Lambo lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tí ó wà nítòsí, ó sì bẹ̀ wọ́n kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú wọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ẹbí rẹ̀ kan dání, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Ní òwúrọ̀ wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà wọn a padà sí abúlé, wọn a bá wọn lọ sí oko, wọn a bá wọn ṣeré, wọn a bá wọn jó. Ó tilẹ̀ gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Òkìkí ètò yìí kàn káàkiri ayé, ní 1961 àwọn dókítà láti ilẹ̀ púpọ̀ sì péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé lórí ìlera ọpọlọ ní Áfíríkà. Lambo di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973. Ó sì kú ní 2004. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, kò sí ohun tuntun kan nínú ètò abúlé náà bí kò ṣe àáró, odán àti ẹbí, tí a fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn kún.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú bí irú tiwa ni wọ́n dá owó láti rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. A yangàn nítorí rẹ̀, ó sì tọ́. Síbẹ̀, ọmọ tí gbogbo ìlú dá owó fún mọ̀ pé gbogbo ìlú ni òun jẹ ní gbèsè. Bí ó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, kò mọ ẹni tí òun yóò sọ fún, nítorí pé kò sí ẹni tí kò dá owó níbẹ̀. N kò sọ pé kí a má ṣe dá owó mọ́. Mo sọ pé kí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ wa yan àgbà kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ ìnáwó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa béèrè oorun rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ kí ó tó béèrè èsì ìdánwò.

Bákan náà ni àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn, tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ òru lẹ́bàá ibùsùn àwọn aláìsàn àti àwọn arúgbó. Ẹni tí ó ti iṣẹ́ òru dé ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ a ṣí fóònù rẹ̀, a bá ìpè mẹ́rin láti ilé, owó sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa pè wọ́n nígbà mìíràn láti sọ fún wọn pé agbọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí pé ewúrẹ́ ìyá Lágbájá tún jẹ ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin náà tí ẹ wà lọ́hùn-ún, bí ẹ bá ń pàdé lóṣooṣù, ẹ má ṣe fi gbogbo wákàtí náà ka ìwé ìṣirò owó. Ọpọ́n ayò kò wúwo láti gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ti yàrá ìkàwé ẹgbẹ́ wa, èrò mi ni pé kí a máa tì í ní agogo mẹ́wàá alẹ́, kí àwọn ọmọ tí ó ń múra ìdánwò lè lọ sùn, kí a sì ṣí i padà ní kùtùkùtù. Kí wọ́n máa kàwé ní mẹ́ta mẹ́ta, kí ọ̀kan máa ṣe àlàyé fún àwọn méjì yòókù. Mo ti rí i nínú kíláàsì mi pé ohun tí ọmọ kò lè fi ojú kà sórí, ó lè fi ẹnu kọ́ ẹlòmíràn kí ó sì mọ̀ ọ́n títí.

Àmọ́ o, odán kò lè wo ohun gbogbo. Bí oorun bá kọ̀ láti wá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí ènìyàn kò bá jẹun mọ́, tàbí bí ó bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má ṣe fi pamọ́ nítorí ìtìjú, ẹ má sì ṣe kó o lọ síbi tí wọn yóò ti fi ẹ̀wọ̀n dè é. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin ayé àtijọ́ tí ó ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní wèrè, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ilé ìwòsàn Àró ṣì wà ní Abẹ́òkúta, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń mú ẹni yín lọ, kí ẹnìkan nínú ẹbí bá a lọ, kí ó sì dúró tì í.