Ta Ni À Ń Pè Ní Ẹlẹ́hàá?

Ní Kúta lẹ́bàá Ìwó, bí i ti ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin Mùsùlùmí tó bá ti fi aṣọ bojú ti di ẹlẹ́hàá lẹ́nu ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́hàá àtijọ́ ju aṣọ lọ: ìyàwó ilé tí kì í jáde ni. Inú ilé ló ti ń ṣòwò, àwọn ọmọ ló sì ń rán níṣẹ́ lọ sọ́jà. Kulle ni àwọn Haúsá ń pe irú àhámọ́ bẹ́ẹ̀. Níkàábù, tí a yá lọ́wọ́ Lárúbáwá, aṣọ ìbojú lásán ni.

Lónìí, ẹlẹ́hàá ń ná ọjà, ó ń lọ sí yunifásítì. Létí àwọn àgbà ìgbà náà, àwàdà ni ìyẹn ìbá jẹ́. Híjáàbù tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fàyè gbà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin nílé ìwé ìjọba Èkó lọ́dún 2022 kò tilẹ̀ bo ojú, síbẹ̀ àwọn kan a máa pe ọmọ tó wọ̀ ọ́ ní ẹlẹ́hàá. Àṣìpè ni.