Orúkọ Ilẹ̀ àti Omi láti Màpó dé Mólété

Ìwé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé sábà máa ń ti orí òkun, erékùṣù àti aṣálẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Mólété ní Ìbàdàn kì í rí ọ̀kankan nínú wọn ládùúgbò rẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé èdè Yorùbá gba ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èrò tiwa ni pé, yàtọ̀ sí èdè, ó yẹ kí àpẹẹrẹ náà ti inú ìlú ọmọ wá.

Màpó wà lára ọ̀wọ́ òkè tó la àárín Ìbàdàn àtijọ́ kọjá, òun pẹ̀lú Òkè Àrẹ̀mọ. Òkúta líle ló wà nínú wọn. Òjò kò jẹ wọ́n tó bó ṣe jẹ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ga títí dòní. Téńté òkè Màpó ni wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Màpó sí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929. Láti ibẹ̀, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ títí dé àfonífojì. Gegele kò tó òkè. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ibi tó tẹ́jú. Orúkọ àdúgbò pàápàá ń tẹ̀ lé bí ilẹ̀ ṣe rí: Òkè Àdó, Òkè Bọ́là, Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Omi ló gba àlàyé jù. Odò Kúdẹtì kò tóbi, síbẹ̀ àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ ló jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àdúgbò yẹn ni àwọn míṣọ́nnárì David àti Anna Hinderer tẹ̀dó sí lọ́dún 1853. Odò ní orísun, ó ní bèbè, ó sì ní ibi tó ń dà sí, bí Ògùnpa ṣe ń dà sínú Odò Ọnà. Bí wọ́n bá dí odò, ó di adágún: Ẹlẹ́yẹlé nìyẹn, láti ọdún 1942.

Àgbàrá kì í ṣe odò. Òjò ló bí i. Bí òjò bá dá, òun náà á gbẹ. Bí òjò bá rọ̀ ní Mólété, àgbàrá á pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, á gbé ọ̀rá àti iyanrìn, á gba orí títì kó tó rí gọ́tà wọ. Ìgbà tí àgbàrá bá bá odò tí pàǹtírí ti dí pàdé ni à ń pè ní omíyalé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa ya wọlé, ó sì gba ẹ̀mí tó ju 100 lọ.

Àbàtà àti àkùrọ̀ kì í sábà sí nínú ìwé ọmọdé, àṣìṣe ńlá sì ni lójú tiwa. Ẹsẹ̀ ń rì nínú àbàtà. Àkùrọ̀ ní tirẹ̀ ni ilẹ̀ etí odò tí ọ̀rinrin rẹ̀ kì í tán, tí wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ tó bá dá àkùrọ̀ mọ̀ yóò mọ ibi tí omi máa gbà padà wá lóṣù Kẹjọ, kódà bí wọ́n bá ti da yẹ̀pẹ̀ bò ó, tí wọ́n sì ti fi bíríkì sàmì ilé sí i.