Àwọn Dókítà Aláwọ̀ Dúdú Lábẹ́ Òfin Ọdún 1902

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibà ń pa àwọn òyìnbó ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà débi pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò rí dókítà funfun tó tó rán síbẹ̀. Èyí ló mú kí wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin Sàró lọ kọ́ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó ní 1855. Méjì nínú wọn, James Africanus Horton, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ígbò, àti William Broughton Davies, tí tirẹ̀ jẹ́ Yorùbá, di dókítà ológun. Ní Èkó, ìjọba gba Obadiah Johnson àti John Randle ní 1889, ó sì gba Ògúntọ́lá Sàpará ní 1896.

Ṣùgbọ́n oògùn kuiníní ti ń dín ikú kù, Ronald Ross sì rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní 1897. Ẹ̀rù etíkun náà ń rọlẹ̀ lọ́kàn àwọn dókítà funfun, àìní tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn aláwọ̀ dúdú sì ń kúrò nílẹ̀.

Ní 1902, nígbà tí Joseph Chamberlain jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, wọ́n da ẹ̀ka ìṣègùn Gambia, Sàró, Gold Coast àti àwọn ilẹ̀ Nàìjíríà pọ̀ di ọ̀kan, wọ́n pè é ní West African Medical Staff. Ìlànà rẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Yúróòpù nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ìwé mìíràn ni wọ́n kọ orúkọ àwọn dókítà dúdú sí, pẹ̀lú owó tó kéré sí ti òyìnbó. Bó ti wù kí dókítà dúdú pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ọ̀gá rẹ̀. Àlàyé ìjọba ni pé aláìsàn òyìnbó kò ní fọkàn tán wọn, àti pé òyìnbó kò ní gba àṣẹ lẹ́nu wọn. Àlàyé náà kò kan ìmọ̀ rárá. Kò sì lè kàn án, torí ní Edinburgh, níbi tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ti gboyè, ni Johnson àti Randle náà ti gba tiwọn.

Àwọn kan bínú fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n dá ilé ìwòsàn tiwọn sílẹ̀. Àwọn dókítà náà wọ inú òṣèlú: méjì nínú wọn, Randle àti Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá, ló dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní Èkó ní 1908. Ní 1920, ìpàdé National Congress of British West Africa ní Accra béèrè pé kí ẹ̀yà ṣíwọ́ jíjẹ́ òṣùwọ̀n iṣẹ́ ìjọba. London kò gbà.

Sàpará kò kúrò ní tirẹ̀. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn olùbọ Ṣọ̀pọ̀nná, òrìṣà àrùn ìgbóná, kó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tó bí òfin tó de ìbọ náà ní 1917. Ó sin ìjọba títí di 1928, láìwọ West African Medical Staff.

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Yábàá ní 1930 ń kọ́ni láti jẹ́ olùrànlọ́wọ́ dókítà ni. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì níyì kọjá Nàìjíríà. Ọdún 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tó ń kọ́ni láti di dókítà gan-an, tó bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Samuel Manuwa, dókítà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní 1903, ọdún kan lẹ́yìn ìlànà yẹn, di olórí olùdámọ̀ràn ìjọba àpapọ̀ lórí ìṣègùn.