Ìka Atolẹ́tà, Ojú Atolẹ́tà

Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ó yẹ ká bi wọ́n pé apá ibo gan-an ló gbà nínú iṣẹ́ náà. Ẹ wo àwọn tó ń to lẹ́tà fún ìwé ìròyìn. Ṣáájú 1886, wọ́n á ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò ó ní oríkodò, wọ́n á sì máa kà á bẹ́ẹ̀ láìkọsẹ̀. Lọ́dún náà ni Linotype, ẹ̀rọ tí Ottmar Mergenthaler ṣe, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní New York Tribune. Bọ́tìnnì 90 ló ní, lẹ́tà kéékèèké lápá òsì, ńláńlá lápá ọ̀tún. Atolẹ́tà tó bá ṣì í tẹ̀ kò rí nǹkan pa rẹ́. Ńṣe ni yóò fi ìka wọ́ àwọn bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ òsì wálẹ̀ kí ìlà ọ̀rọ̀ náà lè kún, kí wọ́n wá yọ òjé rẹ̀ sọnù. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbàgbé, etaoin shrdlu ni òǹkàwé yóò bá láàárín ìròyìn.

Ìka yẹn ni kọ̀ǹpútà sọ di aláìwúlò. Nígbà tí New York Times fi òjé sílẹ̀ ní oṣù Keje 1978, bọ́tìnnì bíi ti taipúráítà ló dé, ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ tipẹ́ kò sì ríṣẹ́ ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ká ti gé ọ̀rọ̀ ní ìparí ìlà, àkọlé tó tẹ̀ sápá kan, àṣìkọ tí olóòtú kò rí: ojú ló mọ ìwọ̀nyí. Ilé ìkọ́ṣẹ́ tó bá fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ń gbé gbèsè lé ọmọ lọ́rùn. Àwọn tó ti ìdí òjé bọ́ sídìí gígé ìwé àti lílẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kò tíì jókòó dáadáa tí PageMaker, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to ojú ìwé, fi dé ní 1985. Ẹnìkan lè ní kí ni ojú ṣe fún àwọn atẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ní 1986, nígbà tí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Rupert Murdoch kó lọ sí Wapping, tó sì lé àwọn oníyanṣẹ́lódì tó lé ní 5,000? Lóòótọ́, kò gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ló dé New York, níbi tí ẹgbẹ́ atẹ̀wé ti bá àwọn oníwèé ìròyìn ṣàdéhùn ní 1974 pé kí ẹ̀rọ wọlé, kí iṣẹ́ má sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi fẹ̀yìntì. Lórí owó oṣù ni wọ́n ti ráyè kọ́ṣẹ́ tuntun.

Lọ́dọ̀ tiwa, Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1854, ó fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, kó tó dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní 1859. Òjé ti lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní lẹ́tà ọ olóhùn òkè kan ṣoṣo: ọ ni yóò kọ́kọ́ kọ, kó tó gbé àmì ohùn lé e. Bí fọ́ǹtì kò bá dára, àmì náà á yẹ̀ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹni tó kọ́ bọ́tìnnì nìkan kò ní fura. Ọkọ́ á di ọkọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀ á sì gbé ọkọ lérí lọ sóko.