Sísin Ìdin Lórí Àjẹkù Oúnjẹ fún Jíjẹ Ẹja

Kí ni iṣẹ́ yìí?

Sísin ìdin jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń sọ èèpo èso àti ewébẹ̀ tí ó ti rọ di oúnjẹ fún ẹja. Ìdin tí a ń lò jù lọ ni ti eṣinṣin dúdú kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Hermetia illucens. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti tàn kálẹ̀ dé àwọn ilẹ̀ olóoru, títí kan ilẹ̀ wa. Kì í ṣe eṣinṣin ilé. Kì í ta ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í wá bà lé oúnjẹ wa.

Ìdí tí ó fi kan olùgbé Lagos Mainland

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò LAWMA, nǹkan bí 13,000 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí ni Ìpínlẹ̀ Èkó ń kó jáde lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó lè jẹrà. Ní ọjà Oyíngbò àti ọjà Ojúwòyè ní Múṣin, ẹ̀fọ́ àti èso tí kò tà ń di ohun ìdànù. Bẹ́ẹ̀, fún ẹni tí ń sin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìn ilé ní Sùúrùlérè tàbí Yábàá, owó oúnjẹ ẹja máa ń ju ìdajì gbogbo ìnáwó rẹ̀ lọ. Ìdin gbígbẹ ní èròjà amúaradàgbà tí ó tó nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Nítorí náà, ó lè rọ́pò apá kan nínú ẹja lílọ̀ àti sóyà tí a ń pò mọ́ oúnjẹ ẹja.

Bí a ti ń ṣe é

1. Abo eṣinṣin kan lè yé ẹyin 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin náà a pa ní nǹkan bí ọjọ́ 4.
2. A ó gé èèpo àti ewébẹ̀ wẹ́wẹ́, a ó sì kó o sínú ọpọ́n tí òjò kò lè dé. Kí ó rin, ṣùgbọ́n kí omi má dúró nínú rẹ̀, kí ó má baà rùn.
3. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìdin ti tó kó. Àwọn tí a bá fi sílẹ̀ yóò dúdú, wọn yóò sì fúnra wọn gun òkè lọ sí ibi gbígbẹ láti di eṣinṣin.
4. A ó da ìdin tí a kó sínú omi gbígbóná, a ó sá a, a ó sì lọ̀ ọ́ mọ́ àwọn èròjà yòókù. Ohun tí ó bá kù nínú ọpọ́n di ajílẹ̀.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

Ohun tí ìdin bá jẹ ni yóò dé inú ẹja, àti láti inú ẹja dé inú abọ́ wa. Ìdin yìí máa ń kó cadmium, májèlé tí ó wà nínú àwọn bátìrì kan, jọ sínú ara. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ sìn ín lórí ìdọ̀tí orí ààtàn. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù gba ìdin láàyè fún oúnjẹ ẹja ọ̀sìn ní ọdún 2017, kò fàyè gba sísìn ín lórí ìgbẹ́ tàbí àjẹkù ilé oúnjẹ. Ó dára kí àwa náà bẹ̀rẹ̀ láti orí èso àti ewébẹ̀ ọjà.

Ọwọ́ ẹni tí ń tajà ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí wà. Bí ó bá ya èèpo sọ́tọ̀ kí ó tó dàpọ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù àti bátìrì, oúnjẹ ẹja ni. Bí ó bá ti dàpọ̀, ìdọ̀tí lásán ni.