Ẹjọ́ Tó Sọ Lẹ́tà Orí Kọ̀ǹpútà Di Àkọsílẹ̀ Ìjọba

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ń gba fáìlì kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìṣirò ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́tà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí kọ̀ǹpútà kò já mọ́ nǹkan lójú ọ̀pọ̀ ọ̀gá, àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, àṣírí tú pé àwọn aláṣẹ kan ń ta ohun ìjà fún Ìráànì ní bòńkẹ́lẹ́, tí wọ́n sì ń darí èrè rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ilẹ̀ Nikarágúà. John Poindexter àti Oliver North, tí wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀ ààbò ààrẹ, pa lẹ́tà tó lé ní 5,000 rẹ́ lórí PROFS, ètò ìfilẹ́tàránṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ IBM ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lórí téèpù tí wọ́n ń tọ́jú nítorí ìjàǹbá, ibẹ̀ sì ni àwọn olùwádìí ti rí i kà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1989, nígbà tó ku ọ̀la kí Ronald Reagan fi ipò sílẹ̀, akọ̀ròyìn Scott Armstrong àti àjọ National Security Archive, tí kì í ṣe ti ìjọba bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀, sáré gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n má baà pa àwọn téèpù náà rẹ́. Ìjọba ní èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sórí bébà ti tó. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò gbà ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, nítorí pé orúkọ ìnagijẹ nìkan lè hàn lórí bébà, tàbí orúkọ kan ṣoṣo tó dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, láìsí àkókò tí lẹ́tà náà tẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ohun tí olùwádìí ń wá gan-an ni ẹni tó mọ̀ àti ìgbà tó mọ̀. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀, tó so mọ́ àkọsílẹ̀ láìjẹ́ ara ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní metadata.

Ètò kọ̀ǹpútà wo wá ni a lè fọkàn tán pé yóò pa àkọsílẹ̀ àti metadata rẹ̀ mọ́ pọ̀? Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pittsburgh to ohun tó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, Luciana Duranti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà sì bá ilé-iṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, títí ilé-iṣẹ́ náà fi gbé ìlànà 5015.2 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1997. Ìlànà yìí ní kí ètò kọ̀ǹpútà máa fi àkọsílẹ̀ sábẹ́ ìsọ̀rí rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i padà, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ tí òfin ní kí wọ́n pa á rẹ́ tàbí kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìpamọ́. Nígbà náà, ètò tí kò bá yege ìdánwò, ilé-iṣẹ́ ètò ààbò kò gbọdọ̀ rà á.

Ibi tí ìlànà náà ti kù káàtó ni pé òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn ló di dandan fún láti yan ìsọ̀rí fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ṣe é. Nígbà tó di 2013, Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ gbé ọ̀nà tí wọ́n pè ní Capstone kalẹ̀, nínú èyí tí ipò tí ènìyàn dì mú ti ń pinnu ohun tí yóò wà títí: ímeèlì àwọn ọ̀gá àgbà di ohun ìpamọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.